Ọwọ́ Òsì Tó Gé Aṣọ Ìyàwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yé yìn mí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ ọ̀tún mi lẹ ti ń sọ pé mo yára kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì jẹun, bí wọ́n ṣe ń fi í kọ̀wé. N ò kọ́ nǹkan kan. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Irọ́ tí mo fi bo èyí mọ́lẹ̀ ló ba ayé àbúrò mi jẹ́, n ò sì fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀run.

Àwa méjèèjì là ń lo òsì. Ìyá wa a máa fi ìdí ṣíbí gbá wa lọ́wọ́, á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi tètè gbọ́n, àbí kí n ní mo tètè kọ́ ẹ̀tàn: lójú èèyàn, ọ̀tún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òsì. Àbúrò mi ò mọ ẹ̀tàn ní tiẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Olósì, àwọn ẹlẹ́nu burúkú á yí i sí Olòṣì, wọn á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Àbúrò mi mọ aṣọ gé jù mí lọ, ìyẹn sì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé sílíìkì aṣọ ìyàwó wá, Ọ̀gá sì ní òun fúnra òun lòun máa gé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá jáde, àbúrò mi lọ pọn omi. Mo ní kí n gé e kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi náà tó o ṣe. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé sísọ́ọ̀sì sí òsì, ó ń lọ geere. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo gé apá aṣọ méjèèjì fún, sílíìkì ò sì ṣẹ́kù.

Ọ̀gá àti ìyá ọkọ ló jọ wọlé. Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lápá òsì tábìlì.

“Òsì ló gé èyí,” ni Ọ̀gá wí.

Gbogbo ojú yí sí àbúrò mi tó ń gbé omi bọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, kì í ṣe èmi.”

“Ta ló tún ń lo òsì níbí?”

Ó mọ̀. Yàrá kan la jọ ń sùn láti kékeré, kò sì tú àṣírí mi rí. Kò nàka sí mi. Ó kàn wò mí, ó ń dúró dè mí. Èmi ìkà, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí i. Mo ti ń sọ fún un pé kó fi òsì yẹn sílẹ̀.”

Ìyá ọkọ káṣọ náà. Ó ní, “Ọwọ́ tí ò lè tọ́jú aṣọ ara ẹ̀, ṣé ọmọ mi ló máa tọ́jú?” Bí ìgbéyàwó ṣe fọ́ nìyẹn. Ọ̀gá lé àbúrò mi, ó fi mí ṣe igbákejì rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ń kó kúrò nílùú, èmi ni mo bá a di ẹrù. Ẹ ò rí ojú mi bí.

Lánàá ni mo pè é lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ti aṣọ ló dùn mí. Bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mò ń wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹ máa sáré tẹ̀ lé mi, kí ẹ ní ká jọ padà lọ sọ òótọ́.” Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ọmọ yín lọ́wọ́ torí òsì, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Irọ́ lẹ ń kọ́ ọ. Kí ẹ sì bá mi lọ bẹ àbúrò mi. Bó bá kọ̀, ẹ má pè é ní olóríkunkun. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.