Itọ́ Tí Mo Ní Kí Rofiqoh Gbé Mì

Ẹ má tíì dárí jì mí o. Gbogbo yín tí ẹ tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láàárọ̀ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ yìí, tí ẹ fẹ́ máa di ọwọ́ mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí gbogbo ìlú Probolinggo ń sọ lónìí, pé "ẹ forí jì mí, tòde tinú, èmi náà ti forí jì yín," ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jókòó. Ìyá Rofiqoh, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síbi tí mo ti lè rí ojú yín. Rofiqoh, ọmọ mi, jókòó ti ìyá ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú ìrẹsì inú ewé àgbọn tó wà lórí tábìlì yẹn, kó yáa jẹ ẹ́ báyìí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, kò ní lọ lọ́fun mọ́. Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti parí iṣẹ́. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Sadruddin, níbo lò ń lọ? Jókòó, àna mi. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ, mi ò sì ní bò ẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ mọ ìsọ̀ mi lójú títì, èyí tí wọ́n ya ètè pupa àti eyín funfun sí lára, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Eléyín, ta lẹ fẹ́ gé jẹ?" Bàbá mi ló kọ́ mi. A máa ń ṣe eyín àtọwọ́dá, a sì máa ń ṣe ike tí wọ́n ń há mọ́ àjà ẹnu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú wáyà kúrò lára eyín, kí eyín má baà padà síbi tó ti wá. Àwọn dókítà eyín ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ wa. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá, à ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá mi kì í fojú fò: ike tuntun gbọ́dọ̀ sùn sínú omi, torí kẹ́míkà tí kò tíì gbẹ nínú rẹ̀ á máa sun jáde díẹ̀díẹ̀. Á ní, "Jẹ́ kó bi oró ẹ̀ sínú omi, kó má bì í sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ." Tílẹ̀ bá mọ́, á fi ike náà lé ahọ́n ara rẹ̀. Tó bá ta á, inú omi ló tún padà sí. Nínú ààwẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba ike lọ́wọ́ bàbá mi lójúmọmọ. Ó dìgbà tó bá ṣínu tán, tó tọ́ ọ wò.

Nínú ààwẹ̀ ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Rofiqoh ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí ìsọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ẹ pàdánù. Tí wọ́n bá kírun àṣámù tán, tó bá ń ké Kùránì nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Surabaya á dín eré kù. Èmi tí wọ́n ní mi ò mọ̀ ju kí n máa rí àléébù lọ, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìmáàmù ti ní Rofiqoh ni yóò ké kéwú lójú agbo tí ọdún bá kù ọ̀la. Wáyà tó lò sí eyín, wọ́n ti tú u. Ike tí dókítà fún un ló yọ sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ ṣínu, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, àbúrò rẹ̀ bá kó ewé dà nù. Ó wọlé wá bá mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Eléyín, ẹ gbà mí o. Ọdún ti dé, gbogbo ayé ló ń lọ sílé, eyín tèmi náà ti ń múra ilé ẹ̀." Mo ní, "Màá so ó mọ́lẹ̀ fún ẹ bí ewúrẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ojú mi ló ṣe dàgbà, kò sí bí kò ṣe ní fọkàn tán mi.

Omi tí a fi ń po ìyẹ̀fun ike ti tán nílé. Ẹni tó ń tà á fún mi ti ti ìsọ̀, ó ti gba abúlé lọ. Ó yẹ kí n sọ fún ọmọ náà pé kó dúró di ẹ̀yìn ọdún. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí: mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ láéláé pé nǹkan kan kò sí lọ́dọ̀ Matrawi. Ìgbéraga ni, kì í ṣe ebi. Mo bá lọ bá Sadruddin, àbúrò ìyàwó mi, tó ń fi ike dídà ṣe ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, pé kó bu lára omi tirẹ̀ fún mi. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ti ẹnu o." Mo ní, "Tó bá ti le tán, ike ni ike ń jẹ́." Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ẹnu. Èmi, kọ́kọ́rọ́ ni mo mọ̀." Ó bu ú fún mi. Ẹ gbọ́ o, ó kìlọ̀ fún mi. Ìdí tí mo fi ní kó jókòó nìyẹn.

Mo pò ó, mo ṣe é, ó ń dán gbinrin. Mi ò rẹ ẹ́ sómi, torí ọmọ náà ní òun fẹ́ lò ó lọ kírun. Mi ò sì fi ahọ́n kàn án, torí mò ń gbààwẹ̀. Ẹ wo ẹlẹ́sìn! Ààwẹ̀ kò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́ láti há a sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kejì mo rí i lórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí láàárín àwọn ọmọ kéwú. Ó gbé agolo mílíìkì kan sẹ́bàá ẹsẹ̀, á ka gbólóhùn kan, á tutọ́ sí i. Àwọn ọmọ ń pariwo, "Àǹtí wa ti lóyún!" Ó lé wọn, ó sọdá sọ́dọ̀ mi. "Bàbá, ike yìí ń sun nǹkan kíkorò. Ahọ́n mi ń ta mí, itọ́ mi ò sì dá. Ẹ̀rù ń bà mí kó má ba ààwẹ̀ mi jẹ́, ni mo ṣe ń tu ú dànù." Mo ní kó fara dà á, pé ó ṣì tuntun ni.

Nígbà tí mo ṣínu tán lọ́jọ́ náà, mo mú ìyókù ike yẹn, mo fi sábẹ́ ahọ́n. Kò pẹ́ tó fi ń jó mi. Mo tu ú dànù, mo fomi yọ ẹnu, mo tún yọ ọ́, kò lọ. Ìyàwó mi ní, "Kí lẹ jẹ?" Mo ní ata ni. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

Ó yẹ kí n sáré lọ yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún ti wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú agolo rẹ̀, àwọn oníbàárà mi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó. Obìnrin kan ké sí i pé, "Àbúrò, ta ló ṣe ike ẹ?" Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo sọdá títì, mo fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ohùn àlùfáà bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rofiqoh, ìwọ tó ń kọ́ni ní kéwú, ṣé o ò mọ̀ pé itọ́ ẹni kì í ba ààwẹ̀ ẹni jẹ́? Má sọ ara ẹ di ẹlẹ́yà. Gbé e mì." Ó wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Gbé e mì, ọmọ mi." Ó gbé e mì lójú mi. Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Yéè, Ọlọ́run mi! Itọ́ tó ń tu dànù ló ń gbà á là, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Erìgì rẹ̀ bó. Ó ń kéwú bí ẹni tó ní gààrí gbígbẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tutọ́ mọ́, torí àgbà ti sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ṣínu, igbe ta nílé wọn. Ètè rẹ̀ wú, ahọ́n rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ dí, kò lè mí. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn dé ọsibítù, ẹ sì ń yìn mí fún un títí dòní. Wọ́n la ọrùn rẹ̀ kó lè rí èémí gbà. Dókítà jáde, ó ní, "Kí lọmọ yìí jẹ? Kí ló wà lẹ́nu ẹ̀?" Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo ti yọ ike náà nínú ọkọ̀, mo ní kó lè mí dáadáa. Inú àpò ṣòkòtò mi ló wà bí dókítà ṣe ń bèèrè, itọ́ ara rẹ̀ sì tutù sí mi nítan.

Ìyá Rofiqoh, ẹ̀yin lẹ dáhùn. Ẹ ní, "Edé ni, dókítà. Èmi ni mo fi edé sọ́bẹ̀. Èmi ni mo pa ọmọ mi." Ẹ wó lulẹ̀, ẹ ń gbá àyà. Mo gbé yín dìde, mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀." Láti ọjọ́ náà, edé ò wọlé yín mọ́, ẹ̀yin ìyàwó apẹja. Mo máa ń rí yín tí ẹ ń gba ẹ̀yìn ọjà lọ kí ẹ má baà fojú kàn án. Kì í ṣe edé o. Kì í ṣe ọbẹ̀ yín. Èmi ni.

Ọmọ náà yè, ohùn rẹ̀ ò yè. Nígbà tí ọdún mìíràn yí po, ó wá kí mi bí ọmọdé ṣe ń kí àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ mi, ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó wá fọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba: ó ń tọrọ àforíjì. Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ mi! Mo sì gbọ́wọ́ lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn, mo ní, "Mo ti forí jì ẹ́, ọmọ mi, tòde tinú." Ọdọọdún ló ń wá, ọdọọdún ni mò ń forí jì í. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́, ohun tí ẹ kò bá lè fi sẹ́nu ara yín, ẹ má fi sẹ́nu ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ni mo sì jẹ́ tí mo fi ń gbani nímọ̀ràn?

Rofiqoh, má fọwọ́ lé àyà o! Mo bẹ̀ ẹ́, gbé ọwọ́ yẹn kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ àforíjì ọdún, mo ti jí ìyẹn gbà lọ́wọ́ ẹ tó. Agolo ẹ ń bẹ lábẹ́ ibùsùn mi, mi ò lè sọ ọ́ nù láti ọjọ́ yẹn. Sadruddin, bá mi gbé e fún un. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu ẹ sí mi lónìí, ọmọ mi, má gbé e mì.