Igi Tí Ikán Jẹ Nínú Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Fadá ní bí mo bá ti sọ ọ́ sí etí òun nìkan, ó ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, Fadá, kò tó. Ìta gbangba ni mo ti ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́, ìta gbangba náà ni mo fẹ́ tún un ṣe kí ẹ̀mí tó bọ́. Ìyàwó mi, jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òkúta ni àwọn baba ńlá wa fi kọ́ ọ, òpó mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Lókè gbogbo ẹnu ọ̀nà, òkúta tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ní àárín ló di àwọn yòókù mú. Èmi bíríkìlà máa ń wò ó, orí mi á wú. Lẹ́yìn, lókè ẹnu ọ̀nà ńlá, ni àjà àwọn akọrin wà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, káfíńtà, ló ṣe é. Ìtí igi mẹ́rin ló kì bọ inú ògiri, ó sì fá wọn títí wọ́n fi ń dán.

Ó di ọdún mọ́kànlélógún báyìí tí Fadá ìgbà náà ní kí n mú ẹnu ọ̀nà yẹn gbòòrò sí i, kí pósí lè máa kọjá láìha ògiri. Àna mi wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Àna mi, ẹ má yọ òkúta àárín yẹn láìfi igi gbé ògiri ró. Mo ní igi nílé, màá gbé e wá lọ́la."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú igi yín, ẹ jẹ́ kí n mú òkúta mi."

Ìgbéraga ni. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo yọ òkúta náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ògiri dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ ya, ó sì là láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àjà. Dípò kí n ké gbàjarè, mo po sìmẹ́ńtì, mo dí i, mo fi ẹfun kùn ún, mo sì parí ẹnu ọ̀nà náà. Fadá dé, ó ní, "Bíríkìlà, ọwọ́ rẹ ò ní rọ." Mo sì ṣe àmín! Èmi!

Láti ìgbà náà, n kò jókòó dáadáa ní Mísà mọ́. Bí akọrin bá gbóhùn sókè, màá yíjú wo abẹ́ àjà. Ìyàwó mi á ní, "Baálé mi, kí lẹ ń wò lẹ́yìn?" Màá ní ọrùn ló ń dùn mí.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ náà, lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n ń kọ́ orin lọ́wọ́. Èmi wà níta, mò ń tún àtẹ̀gùn ṣe. Mo gbọ́ gbàràgàdà. Ògiri ti yanu, ìtí igi méjì ti yọ, àjà ti wó. Ìyá atẹdùùrù tó jókòó níwájú mi yìí, abẹ́ dùùrù ni wọ́n ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ọ̀pá ló sì fi ń rìn dòní. Àna mi ló gbé e mọ́ra dé inú ọkọ̀. Gbogbo ayé tẹ̀lé wọn lọ ilé ìwòsàn. Ó ku èmi nìkan.

Ibí lẹ ti máa kórìíra mi. Mo fi ayùn gé orí ìtí igi rere méjèèjì, mo fi òòlù fọ́ ojú ibi tí mo gé, mo kó èyí tí mo gé lọ sílé, mo fi dáná. Mo wá mú igi tí ikán ti jẹ lára ọgbà Fadá, mo kì í bọ inú ihò ògiri, kí wọ́n lè rò pé orí ìtí àna mi ló jẹrà síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ pé jọ, wọ́n ní kí èmi tí mo mọṣẹ́ wò ó. Mo fa igi náà yọ lójú gbogbo wọn, ó ń fọ́ wúruwùru. Àna mi ní, "Igi mi kọ́ nìyí. Àna mi, ẹ wojú mi. Ṣé igi mi nìyí?"

Mo wojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ihò ni mo ti fà á yọ. Gbogbo yín lẹ rí i."

Ẹ gbọ́ àrékérekè. Ẹnu mi kò purọ́, nítorí ọwọ́ mi ti bá a purọ́ tán.

Àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ, Káfíńtà Oníkán. Kò sẹ́ni tó tún gbé àpótí ìjókòó lásán fún un ṣe. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ilé adìyẹ ló ń kàn níbẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ìyàwó mi yìí, pé, "Bá mi kí àna mi o." Ìkíni yẹn ló ń pa mí, àìsàn yìí kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe bá là mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Tèmi ti di ọdún mọ́kànlélógún. Ìyá atẹdùùrù, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà.

Ìyàwó mi, mo rí i pé o ti dìde. N kò ní kí o dúró. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n fóònù wà lórí tábìlì yẹn. Pè é kí o tó jáde. Sọ fún un pé ìjọ ti gbọ́: ikán kò jẹ igi rẹ̀.