Okùn Lórí Kànga

Ẹ má ní kí n jókòó, Lọ́yà, ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá. Ṣebí iwájú yín níbí ni mo ti ṣàlàyé ẹ̀ tán? Ìdérí kànga tó ń padé fúnra ẹ̀! Tọ́wọ́ bá ti kúrò lára ẹ̀ báyìí, irin wúwo tí mo fi ṣéènì so mọ́ ọn á fà á wálẹ̀, gbàmù, àní bẹ́ni tó ń pọnmi bá gbàgbé. Mo sì sọ ìdí tí mo fi ṣe é fún yín. Ọmọ mi obìnrin ló já sí kànga tí wọ́n pọn tán tí wọn ò dé.

Ẹ kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fi ní jí iṣẹ́ mi ṣe dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ ní ìdérí kànga yòówù tó bá ń padé fúnra ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ó ti fẹ̀ jù, wọ́n ní ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ rí fún garawa ìdọ̀tí. Lẹ bá ń fọ̀rọ̀ kún un. Ẹ fi "onírin" kún un, wọ́n dá a padà, ẹ tún fi "oníṣéènì" kún un. Èmi wẹ́dà ń yọ̀, mo rò pé nǹkan mi ń pọ̀ sí i ni. Háà! Àṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fi kún un, ṣe ló ń gé lára ẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta irin lóríta ka ìwé yẹn, ó yọ ṣéènì, ó fi okùn sí i. Kò rúfin, torí ṣéènì nìwé wa dárúkọ, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Okùn, Lọ́yà! Lẹ́nu kànga! Tó bá jẹrà tó já, ṣé afẹ́fẹ́ ló máa pa ìdérí yẹn dé?

Ìyàwó mi ò lè fa omi mọ́. Èmi náà, tí korobá bá ti kan omi báyìí, mo máa ń gbọ́ ọmọ yẹn, Bàámi, Bàámi, kì í ké, bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan ni. Ẹ má wolẹ̀, ohun tí mò ń gbọ́ ni mo ń sọ.

Àwọn tó wà nílé tó kọjú sí tiwa ti ra olókùn. Ìyáálé ilé yẹn tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀, òun ò ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo ní kì í ṣe tèmi, mo ní okùn yẹn á já. Ọkọ ẹ̀ ní ìlara ló ń dà mí láàmú.

A kì í gbé iná sórí òrùlé ká sùn. Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín, a jọ ń lọ sílé wọn báyìí ni. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé okùn yẹn fún wọn, torí wọn ò gbà mí gbọ́, ọmọ wọn sì ti ń rìn.