Òdo Tí Tíṣà Fún Mi Nítorí Amọ̀

Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, Tíṣà tó ń kọ́ wa ní físíìsì ní Ìláròó sọ pé kò sí wáyà tí kì í dí iná lọ́wọ́, àfi tí irin bá tutù kọjá ààlà. Nígbà náà ni ìdènà á tán. Mo nawọ́. Mo ní, "Sà, amọ̀ tí wọ́n sun ńkọ́?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Amọ̀ kẹ̀? Tíṣà ní kí n kọ ìdí rẹ̀ wá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó fi bíró pupa kọ òdo sí ìwé mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Tòní, ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá yín á ti lọ bá tíṣà jà. Tiwa... ta la fẹ́ sọ fún?

Èmi náà di tíṣà físíìsì. Ẹ gbọ́, kí n tó fẹ̀yìn tì ni àwọn òyìnbó sun ohun kan bí amọ̀ ìkòkò, ó sì gbé iná láìsí ìdènà. Kò tiẹ̀ nílò òtútù tó ti irin. Mo wá ẹ̀là rẹ̀ kan rà, dúdú, ó tó kọ́bọ̀ àtijọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ti ibodè yìí, tí ìrẹsì di góòlù, Tíṣà ti darúgbó, ó ń ṣàìsàn ní Ìlobì. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i kó tó lọ. Ó ku òtútù. Àbúrò mi tó ń tọ́jú màlúù ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè, bu naitirojin olómi fún mi, omi tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, tí wọ́n fi ń pa àtọ̀ màlúù mọ́. Fúláásì ògbólógbòó ló bù ú sí. Ní Owódé, bí mo ṣe ń bọ̀, ẹ̀ṣọ́ ibodè kan dá mi dúró.

"Bàbá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Òtútù ni."

"Òtútù wo? Ẹrù kankan ò gbọdọ̀ kọjá."

Ó gba fúláásì náà, ọjọ́ kẹrin ló ní kí n wá gbé e. Òfìfo. Gbogbo rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ Ìlobì bẹ́ẹ̀. Tíṣà ń yí ẹ̀là dúdú náà lọ́wọ́.

"Ó ń ṣe é lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tó bá tutù, òòfà á léfòó nínú afẹ́fẹ́ lórí rẹ̀."

"Kí ló fà á?"

Háà... mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní àwọn ohun tíńtínní tó ń gbé iná, tí wọ́n máa ń ti ara wọn sẹ́yìn, títì yẹn gan-an ló so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, téèyàn bá fi ẹ̀là mẹ́ta ṣe òrùka, tí kálukú kọjú síbi tirẹ̀, iná á máa yí po fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó tàn án. Wọ́n dán an wò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Síbẹ̀ àwọn mìíràn ò gbà.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "O ò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní nìyẹn."

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó dáa. Márùn-ún nínú mẹ́wàá."

Ó kú kí wọ́n tó ṣí ibodè. Kò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ bá di tíṣà, tọ́mọdé bá béèrè ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ má fi òdo dá a lóhùn. Ọjọ́ tí ẹnì kan nínú yín bá sì mọ ìdí rẹ̀, kó wá sọ fún mi... márùn-ún mi ṣì kù lọ́wọ́ Tíṣà.