Ohun Tí Mo Nù Kúrò Nínú Téèpù Ojúlé Kẹrìndínlógún

Ẹ̀yin òṣèré àtijọ́ àti ẹ̀yin olólùfẹ́ eré Ojúlé Kẹrìndínlógún tí ẹ fẹ́ pé jọ ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé láti yẹ́ mi sí, ẹ dá ètò náà dúró. Ẹ ní èmi ni mo làkàkà láti gba téèpù eré yín lọ́wọ́ òjò. Òjò kò ba ọ̀kankan jẹ́. Èmi Adéróunmú ni mo pa wọ́n rẹ́, lójú ọ̀sán gangan, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé e pamọ́. Ara mi kò le mọ́, mi ò sì fẹ́ kú mọ́ ọn.

Èmi ni mo ń tọ́jú téèpù ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan n'Ìbàdàn nígbà náà. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Ní kùtùkùtù ni mo máa ń kà á, mi ò sì ń fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Téèpù wọ́n. Àṣà wa ni pé bí ìròyìn bá ti pé ọdún kan, a ó fi ẹ̀rọ nu téèpù rẹ̀, a ó sì ya nǹkan mìíràn sí i. Ọ̀gá wa kọ ọ́ mọ́ ara ògiri pé: "Ẹ nu ìròyìn. Ẹ má fọwọ́ kan eré." Mo kà á, ó yé mi. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, eré apanilẹ́rìn-ín, òfò ni. Nígbà tí àwọn olùkọ́ tó ń ṣe ètò ìṣirò lórí tẹlifíṣàn wa béèrè téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu eré yín nípa àwọn ayálégbé Agbowó yìí fún wọn. Mi ò wo ẹyọ kan kí n tó nù ún. Ẹ gbọ́ irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀! Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá téèpù eré náà tì, mo ní òjò jò sí yàrá téèpù. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí wọn kò mọ̀ mí sí òpùrọ́.

Téèpù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nígbà tí Àyànkúnlé dé. Òun ló ṣe Tíṣà nínú eré náà. Ṣùkúrát ìyàwó rẹ̀ ló ṣe Ìyá Télọ̀. Ṣùkúrát ti kú kí Islamiat ọmọ wọn tó mọ̀ ọ́n rìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín le bíi búrẹ́dì àná," Àyànkúnlé ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò ní yọ ọ́ nínú owó oṣù yín." Ó wá mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan jáde. "Ó lè jẹ́ pé òjò ò ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bó ṣe ibi kan ṣoṣo tí Ṣùkúrát ti sọ̀rọ̀ lẹ bá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á sí i. Ọmọ yẹn ò mọ ohùn ìyá ẹ̀."

Téèpù náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbẹ fúráúráú, wọ́n kọ Ìyá Télọ̀ sí i lára. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bó ṣe jáde, ẹ̀rù bà mí. Bó bá rí i pé ọ̀kan ṣì dára, wọn yóò bi mí léèrè àwọn yòókù. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tí a fi ń nu téèpù. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, mo ní, "Ó mà ṣe o, òjò ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́." Àyànkúnlé dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀yin èèyàn! Òun náà ti kú báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Islamiat pè mí wá sílé rẹ̀ ní Agbowó. Ẹnì kan ní àdúgbò Challenge ti rí apá kan eré náà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó fi gbà á sílẹ̀ nílé láyé àtijọ́. Láyí, tó ṣe onílé nínú eré, wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wo ohun tí mo pa rẹ́. Háà! Ẹnu mi kò padé. Omi ẹ̀rọ kan péré ni wọ́n ń jà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń gba eré mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́. Tíṣà ń ka òfin, onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ ro etí, obìnrin kan tí kò sọ gbólóhùn kan ń fẹsẹ̀ sún garawa rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ẹni àkọ́kọ́ nídìí ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi! Ṣùgbọ́n wọ́n ń pe "Ìyá Télọ̀!" ṣáá, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni ń retí èsì. Ìyá Télọ̀ kò jáde.

"Ó ti lọ bímọ ni," Láyí sọ. "Ìwọ Islamiat yìí la bú lọ́jọ́ náà. A ní ọmọ wo ló ń da eré rú fúnni báyìí?"

Islamiat rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí mi. "Bàbá, ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà nígbà yẹn. Báwo ni ohùn màámi ṣe rí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo nu ohùn náà láìgbọ́ ọ rí. Mo ní, "Ó dùn." Islamiat sì di ọwọ́ mi mú.

Islamiat, irọ́ tí mo pa fún ọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì. Bí o kò bá sì lè forí jì mí, o kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi nǹkan sí ìkáwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó pè é ní òfò. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, ní Ring Road ni o, ní Apete ni o, mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń dá àwọn ayálégbé lóhùn láti ìdí máṣínnì ìránṣọ, ẹ má gbé e wá fún mi. Ẹ gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Agbowó.