P Ńkọ́?

Kí òmìnira tó dé ni, ní ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì Ìdúmọ̀tà; ọmọbìnrin méjì tó wọ aṣọ ilé ìwé ń ṣe ìṣirò ìdánwò ọ̀la lẹ́yìn mi.

Ọ̀kan ní, “P wà lápá òsì àmì ìdọ́gba. Lápá ọ̀tún, mẹ́fà wà lórí ilà, àpapọ̀ x àti méjì wà lábẹ́ rẹ̀. X la ń wá.”

Èkejì ní, “Mo ti fi àpapọ̀ yẹn sọ apá ọ̀tún di púpọ̀, ilà sì ti kúrò. Kí ló tún kù?”

“P ńkọ́? O ò fún un ní nǹkan kan!”

“Ṣé dandan ni?”

“Háà! Nílé wa, bí bàbá wa bá ra aṣọ fún ìyálé, tí wọn ò ra fún màmá mi, ta ló máa sùn? Àmì ìdọ́gba yẹn, bàbá wa nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá fún tọ̀tún, wọ́n gbọ́dọ̀ fún tòsì.”

“Ìyàwó kan ṣoṣo ni dádì mi ní.”

“Abájọ!”

Ẹ̀rín pa wọ́n. “Ó dáa, mo ti fún p náà. Màá wá fi p pín tọ̀tún tòsì, màá yọ méjì lára méjèèjì. Yéè! X ti dá dúró!”

Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n wọlé. Èmi ò wọ̀ ọ́. Aṣọ kan ṣoṣo tí mo rà ní Balógun ló wà lábíyá mi, ìyàwó méjì ló sì wà nílé. Mo padà sọ́jà.

Àwọn ìyàwó mi méjèèjì ti dolóògbé báyìí. Bí mo bá ṣí àpótí, tí mo rí aṣọ méjì tó bára mu yẹn, ohùn ọmọ yẹn ni mo ṣì máa ń gbọ́: “P ńkọ́?”