Uṣu Tó Bá Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Kàdúná

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí irun orí mi ṣì pọ̀ ju irùngbọ̀n lọ… ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní irun rí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí kúríà gbé wá fún ọmọ yín láàárọ̀ yìí. Ẹ tẹ fóònù, ó dé. Rọ́bà wé e, fóòmù ká a mọ́. Mo wo inú páálí náà títí, mi ò rí nǹkan kan tí èèyàn lè sè. Ṣé ẹrù nìyẹn?

Aúntí yín tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́hùn-ún yẹn, kẹ̀kẹ́ ni mo fi fẹ́ ẹ. Ọmọ Ìlasà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ní Kàdúná. Bàbá náà kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ kí i, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ ni wọ́n ní o ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo ní, “Rárá, sà. Ó ku díẹ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí òun ń gùn nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà ń bẹ nílé àbúrò òun ní Ìlasà, kí n fi í ránṣẹ́. “Bí kò bá há níbì kan, tí nọ́ọ̀tì kan kò sọnù, a óò sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má padà wá.”

Ó dáa. Mo gbé kẹ̀kẹ́ wá sí Ìkẹ̀rẹ́. Mo tú ẹsẹ̀ iwájú, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yọ pẹ́dà, mo da nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì. Mo fi àkísà wé irin rẹ̀. Mo gba páálí fìríìjì lọ́wọ́ tíṣà kan ládùúgbò, gbogbo ẹ̀ sì wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá mì í báyìí… gbàlà-gbolo! Mo lọ wá bébà tí màá fi dí àlàfo rẹ̀.

Kí n tó dé, ìyá mi ti dí i. Iṣu ló fi dí i! Iṣu tó nípọn bí itan mi, ó kì í sábẹ́ ìjókòó, ó kì í sáàárín táyà.

“Màámi, kúríà kì í gba oúnjẹ!”

“Ta ló fún kúríà lóúnjẹ? Ulé àna ni mo fi ránṣẹ́ sí.”

“Kẹ̀kẹ́ nìkan ni bàbá yẹn ní ká fi ránṣẹ́.”

“Kó o wá gbé páálí olófìfo lọ sí ulé àna, kí wọ́n ní ta ló bí ọ?”

Mo mi páálí. Kò ró mọ́. Mo fi okùn dì í.

Àkúrẹ́ ni ọ̀fíìsì kúríà wà. Ìyá mi tẹ̀ lé mi, ó ní òun ò fọkàn tán mi. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó de táì, gbé páálí wò, ó mí kanlẹ̀.

“Kẹ̀kẹ́ nìkan ló wúwo tó báyìí?”

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dáhùn: “Kẹ̀kẹ́ àti uṣu ni.”

“Uṣu? Kí ló ń jẹ́ uṣu?”

Ẹ gbọ́! Bó bá mọ̀ pé iṣu ni, yóò tú páálí, kẹ̀kẹ́ á tún máa gbá ara rẹ̀, ìyàwó lọ nìyẹn. Mo fajú ro, mo fi ohùn pólì sọ̀rọ̀: “Ọ̀gá, ní Ìkẹ̀rẹ́ tí òkè yí wa ká, láìsí uṣu, kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gun òkè.”

Ṣé irọ́ ni? Ẹ̀yin ẹ gun òkè láìjẹun wò.

Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ké sí àwọn tó ń gbẹ́rù: “Ẹ rọra o! Uṣu rẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀!”

Ìyá mi ní, “Olúwa á bù kún ọ, ọmọ mi.”

Wọ́n ní kò ní pẹ́. Ó pẹ́! Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ ní Lọ́kọ́ja, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀, ẹ mọ ohun tí iṣu ń ṣe lásìkò yẹn. Bí ìyá mi bá gún iyán, ẹ̀rù á máa bà mí.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí síbi tí a ti ń gba tẹlifóònù. Bàbá ìyàwó ni. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù létí.

“Kẹ̀kẹ́ dé.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Kò há. Nọ́ọ̀tì pé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè tò ó.”

“Kí ló dé, sà?”

“Uṣu yín ti hù. Ó ti yí wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ká bí ìgbà tí mo ta á sórí igi. Kí n tó tú páálí náà rárá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé e wá ti ń bẹ̀ mí pé bí uṣu rẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kí n fún òun lọ́kan, kẹ̀kẹ́ tòun kì í gun òkè.”

“Ẹ… ẹ wá ṣe é báwo, sà?”

“Mo fún un ní èyí tó tóbi. Mo ní kó lọ gún un.”

Mo wá gbọ́ nǹkan kan tó ń ró, mo rò pé wáyà tẹlifóònù ló ń dún. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Uṣu, lẹ́nu ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́… Sọ fáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀.”

Aúntí yín ti ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀wà, ẹ gbọ́ ọ: “Uṣu ni bàbá mi gbà o, kì í ṣe ọkọ mi yìí.”

Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi fóòmù dí ibi tí uṣu lè dí. Ẹ̀bi yín kọ́… Kúríà ayé ìsinsìnyí ti yára jù, uṣu kò ráyè hù nínú ẹ̀ mọ́.